Bí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Lè Mú Kí Ìbuwọ́lù Ímeèlì Gbogbo Òṣìṣẹ́ Bára Mu

Ìbuwọ́lù ímeèlì ni àwọn ìlà díẹ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù: orúkọ rẹ̀, ipò tó dì mú, orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà tí a lè fi pè é, àti àmì ilé-iṣẹ́ nígbà mìíràn. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà kì í sábà wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó gba lẹ́tà ló ń wò ó, pàápàá nígbà tó bá ń wá nọ́ńbà tí yóò pè, tàbí tó bá ń ronú bóyá ẹni tó kọ̀wé sí òun ní àṣẹ láti sọ ohun tó sọ. Bí oníbàárà kan bá gba lẹ́tà láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ mẹ́ta nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, tí ọ̀kan ṣì gbé àmì àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ ti pa tì, tí èkejì kọ nọ́ńbà tí kò lọ mọ́, tí ti ẹ̀kẹta kò sì ju “Sent from my iPhone” lọ, ohun tí yóò rò ni pé kò sí ẹni tó ń mójú tó nǹkan níbẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbà tún un ṣe kì í tọ́jọ́. Wọn a ṣe àwòṣe kan tó rẹwà, wọn a fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́, wọn a sì ní kí kálukú dà á kọ kí ó fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹnì kan ti yí àwọ̀ lẹ́tà padà, ẹlòmíràn ti fi ọ̀rọ̀ ìwúrí sí i nísàlẹ̀, ẹni tí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka mìíràn kò rántí yí ipò rẹ̀ padà, ẹni tó sì gba kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ìbuwọ́lù kankan mọ́. Mi ò rò pé àìgbọràn ló fà á. Iṣẹ́ tí kò kan àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni a gbé lé wọn lọ́wọ́. Èrò tí ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé ni pé ìbuwọ́lù kò lè bára mu àfi bí ó bá ń jáde láti inú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó péye, tí a ń ṣe é láti ojúkò kan ṣoṣo, tí ẹnì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sì ń bójú tó o. Ẹwà rẹ̀ ló kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́ kọ́kọ́ jíròrò.

Àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ ló ṣáájú

Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń lo Microsoft 365 tàbí Google Workspace ló ti ní ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, yálà wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa tàbí wọn kò tọ́jú rẹ̀. Ti Microsoft wà nínú Active Directory tàbí Entra ID, ti Google sì wà lójú-ewé tí alábòójútó ń lò. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè fún orúkọ, ipò, ẹ̀ka, nọ́ńbà ọ́fíìsì, nọ́ńbà alágbèéká àti àdírẹ́sì. Inú àwọn àyè wọ̀nyí ni ìbuwọ́lù yóò ti máa fa ọ̀rọ̀ jáde, nítorí náà ohunkóhun tó bá wọ́ níbẹ̀ yóò wọ́ nísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ bá kọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ kó gbogbo àkọsílẹ̀ náà jáde sínú fáìlì Excel, kí ẹ sì kà á ní ìlà lẹ́yìn ìlà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà kọ ipò kan náà: “Sales Manager” níhìn-ín, “Manager, Sales” lọ́hùn-ún, “Mgr Sales” níbòmíràn. Kí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ẹ̀ka, kí wọ́n fẹnu kò lórí àkójọ ipò tí ilé-iṣẹ́ mọ̀, kí ó má sì sí ipò kankan nínú àkọsílẹ̀ tí kò sí nínú àkójọ náà. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù, nítorí pé ọ̀rọ̀ iyì ni ipò jẹ́, ẹni tó sì ti ń fi orúkọ ipò kan pe ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní fẹ́ kí ó jẹ́ inú ìwé gbogboogbò ni òun ti máa mọ̀ pé wọ́n ti yí i padà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ kí ìyípadà náà tó dé.

Nọ́ńbà fóònù ní ìlànà tirẹ̀. Nínú ìlànà E.164 tí ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, gbé kalẹ̀, kóòdù orílẹ̀-èdè ni nọ́ńbà fi ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju dígíìtì 15 lọ. Àmì + ni a máa ń kọ ṣáájú. Nọ́ńbà tí a bá kọ báyìí yóò lọ bí ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn bá fi ìka kàn án lórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo lásán lè má lọ. Ẹ tún pinnu ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹ óò ṣe máa fi àlàfo sáàárín àwọn dígíìtì, kí ó lè rí bákan náà lábẹ́ orúkọ gbogbo ènìyàn. Ní ti nọ́ńbà alágbèéká tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló rà á fún un, kò yẹ kí a gbé e jáde láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, nọ́ńbà ọ́fíìsì tó.

Orúkọ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ gidi mú jù. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí bí orúkọ rẹ̀ yóò ṣe hàn, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ bí ó bá ń lò wọ́n, nítorí pé kò sí ohun tó ń fi àìkàsí hàn tó kí ilé-iṣẹ́ máa kọ orúkọ ènìyàn rẹ̀ ní àkọtì lójoojúmọ́. Ohun tó sábà máa ń ba àwọn àmì wọ̀nyí jẹ́ ni pé wọ́n tọ́jú fáìlì àwòṣe ní ìlànà ìkọ̀wé àtijọ́ tí kò mọ̀ wọ́n. Nígbà náà ni “ẹ” àti “ṣ” yóò di àmì ìbéèrè lójú ẹni tó gba lẹ́tà. Ìlànà UTF-8, tó mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ni kí ẹ fi tọ́jú gbogbo fáìlì, kí ẹ sì kéde rẹ̀ lókè HTML (èdè tí a fi ń to ìbuwọ́lù àti ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì) pẹ̀lú <meta charset="utf-8">. Ẹni tó bá ń fi Windows PowerShell 5.1 (ohun èlò tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) ṣe ìbuwọ́lù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ka fáìlì bíi UTF-8 fúnra rẹ̀ bí kò bá sí BOM, àmì tó ń fi ìlànà ìkọ̀wé hàn, níbẹ̀rẹ̀ fáìlì náà, àfi bí a bá sọ fún un. Nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ lo orúkọ tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú ilé-iṣẹ́; bí ti ẹni yẹn bá jáde dáadáa, ti àwọn tó kù yóò jáde.

Lẹ́yìn náà ni àyè tó ṣófo. Ká ní ìlà kan nínú àwòṣe kà báyìí, tí ohun tó wà láàárín %% sì jẹ́ àyè tí a ó fi ọ̀rọ̀ inú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ rọ́pò:

Fóònù: %%PhoneNumber%% | Alágbèéká: %%MobileNumber%%

Bí òṣìṣẹ́ kan kò bá ní nọ́ńbà alágbèéká nínú àkọsílẹ̀, ohun tí oníbàárà yóò rí ni ọ̀rọ̀ náà “Alágbèéká:” tí ohunkóhun kò tẹ̀ lé, pẹ̀lú ìlà tó dá dúró sáàárín. Bí ohun èlò yín bá lè pa ìlà náà rẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí àyè bá ṣófo, ẹ jẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ yẹra fún ìlà tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní in, tàbí kí ẹ ṣe àwòṣe méjì, ọ̀kan fún àwọn tó ní nọ́ńbà alágbèéká, èkejì fún àwọn tí kò ní.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé ta ni yóò máa yí àkọsílẹ̀ padà. Ní tèmi, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló yẹ kó ṣe é, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé ìgbàsíṣẹ́, ìwé ìgbéga àti ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ti ń jáde. Bí ìgbéga bá máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí àkọsílẹ̀ yí padà, ìbuwọ́lù yóò sì tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún fi ọwọ́ kàn án.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀

Ìwé ìlànà RFC 1855, tó jáde ní ọdún 1995 lórí ìwà tó yẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ pé kí ìbuwọ́lù má ju ìlà mẹ́rin lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbà náà ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì gbó. Orúkọ, ipò àti ẹ̀ka, orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà kan tàbí méjì, àti àdírẹ́sì ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ti tó fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Kò sídìí láti tún àdírẹ́sì ímeèlì kọ, nítorí pé ó ti wà lókè lẹ́tà, àyàfi bí ẹ bá mọ̀ pé àwọn oníbàárà yín máa ń tẹ lẹ́tà sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ìwúrí, ẹsẹ ìwé mímọ́ àti àwòrán òdòdó kò yẹ níbẹ̀, bó ti wù kí ó dára tó fún ẹni tó ní in, nítorí pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni lẹ́tà náà fi ń jáde.

Òfin lè fi tirẹ̀ kún un, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò yín kí ẹ tó ya àwòṣe. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di dandan láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2007 pé kí lẹ́tà ìṣòwò ilé-iṣẹ́, títí kan ti ímeèlì, gbé orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, apá ibi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè náà, àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì tí ìjọba mọ̀. Ní Jámánì, abala 35a nínú òfin GmbH (irú ilé-iṣẹ́ kan tí gbèsè àwọn onílé rẹ̀ ní ààlà) béèrè irú rẹ̀, ó sì fi orúkọ gbogbo olùdarí, orúkọ ilé-ẹjọ́ tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé náà kún un. Òfin CAN-SPAM ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003, béèrè pé kí ímeèlì ìpolówó ọjà gbé àdírẹ́sì ibi tí lẹ́tà lè dé. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ yóò nílò ìlà òfin tó yàtọ̀ síra fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Nítorí ìdí èyí, ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ máa sọ iléeṣẹ́ tí òfin mọ̀ tó gba òṣìṣẹ́ náà síṣẹ́ gan-an, nítorí pé orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe ilé-iṣẹ́ lè má jẹ́ èyí tó wà nínú ìwé ìjọba.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ gígùn tó máa ń sọ pé àṣírí ni lẹ́tà náà, kí ẹni tó bá ṣèèṣì gbà á pa á rẹ́, ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Mo gbà pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń ní kí wọ́n fi í sí i, ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ìpínrọ̀ mẹ́ta tó ń tẹ̀ lé èsì tí kò ju “Mo ti rí i, ẹ ṣé” lọ ń bo ọ̀rọ̀ gidi mọ́lẹ̀ ni. Ẹ gé e kúrú, tàbí kí ẹ yọ ọ́.

Kíkọ àwòṣe náà

Ohun tó lẹ́wà lójú ẹni tó yà á lè dà rú lójú ẹni tó gbà á, nítorí pé ètò tí kálukú fi ń ka ímeèlì kò rí bákan náà. Outlook àtijọ́ fún Windows, láti ẹ̀dà ọdún 2007, ń lo ẹ̀rọ Word láti fi ṣe àfihàn lẹ́tà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ ni Word kò sì mọ̀. Ìdí rèé tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ṣì ń lo tábìlì HTML láti to nǹkan sí ipò, tí wọ́n sì ń kọ àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà sára ìlà kọ̀ọ̀kan dípò kí wọ́n kó o jọ sókè. Ẹ lo fọ́ńtì tó wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, bíi Arial, Verdana tàbí Georgia. Fọ́ńtì tí ilé-iṣẹ́ rà fún ìpolówó kò ní hàn níbi tí kò bá sí lórí ẹ̀rọ ẹni tó gba lẹ́tà.

Àwòrán ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. PNG tàbí JPEG ni kí ẹ lò, nítorí pé Gmail àti Outlook àtijọ́ kò gba SVG. Ẹ ya àmì ilé-iṣẹ́ ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ kó hàn, kí ẹ wá kọ ìbú àti gíga rẹ̀ sínú HTML gẹ́gẹ́ bíi width àti height, kí ó lè mọ́lẹ̀ kedere lójú fóònù tuntun, kí ó má sì wú kọjá ààlà nínú Outlook. Ẹ fi ọ̀rọ̀ alt sí i, èyí tí yóò jáde nígbà tí àwòrán kò bá hàn, nítorí pé Outlook máa ń dí àwòrán tó ń bọ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ títí ẹni tó ń kà á yóò fi gbà kó wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè fún àwọn tí kò ríran yóò kà. Nítorí ìdí méjèèjì, ìbuwọ́lù tó jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo látòkè délẹ̀ kò dára: kò ṣeé dà kọ, nọ́ńbà inú rẹ̀ kò ṣeé fi ìka kàn, bí àwòrán bá sì kọ̀ láti hàn, òfìfo ni ẹni tó gbà á yóò rí. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún àmì tí a kọ ní àwọ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, nítorí pé yóò pòórá nígbà tí ẹni tó ń kà á bá yí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sí dúdú. Ẹ fi etí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká.

Ní ti àwọ̀ lẹ́tà, WCAG, ìlànà tó ń mú kí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn fún àwọn aláàbọ̀ ara, ní kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1 fún ọ̀rọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tóbi. Lẹ́tà eérú lórí funfun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn, sábà máa ń kùnà ìdánwò yìí.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀dà tí kò ní HTML rárá. Bí lẹ́tà bá jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ̀dà yìí ni yóò tẹ̀ lé e, ó sì yẹ kí ohun tí òfin béèrè pé síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí a ó ti máa fi í sí lẹ́tà

Ìpinnu yìí ló wúwo jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀, nítorí pé òun ló ń pinnu ohun tí òṣìṣẹ́ lè yí padà àti ohun tí kò lè yí padà.

Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ju òṣìṣẹ́ mélòó kan lọ lè fi ọwọ́ ṣe é, bí ó bá ṣe pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é fún gbogbo wọn, tó sì jókòó ti ẹ̀rọ kálukú láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ. Bí òṣìṣẹ́ bá ti pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè bá jókòó lọ́sàn-án kan lọ, ọ̀nà méjì ló kù: kí a máa ti ìbuwọ́lù sínú ètò ímeèlì òṣìṣẹ́, tàbí kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ń gbà kọjá, máa fi í sí lẹ́tà lójú ọ̀nà.

Nínú Outlook àtijọ́ fún Windows, fódà %APPDATA%\Microsoft\Signatures ni ìbuwọ́lù ń gbé, gẹ́gẹ́ bíi fáìlì mẹ́ta: .htm, .rtf àti .txt. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lè kọ ìwé àṣẹ kékeré kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí òṣìṣẹ́ bá wọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀, tí yóò ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì tún fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Outlook tuntun kò lo fódà yìí. Inú àpótí ímeèlì fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń tọ́jú ìbuwọ́lù sí. Fún Outlook orí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ Set-MailboxMessageConfiguration wà nínú PowerShell, ṣùgbọ́n apá tó kan ìbuwọ́lù nínú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbi tí Microsoft bá ti tan ìbuwọ́lù tó ń bá òṣìṣẹ́ kiri láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Alábòójútó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá èyí dúró nínú ètò ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú PostponeRoamingSignaturesUntilLater. Ní ti Google Workspace, Gmail API, ọ̀nà tí ètò mìíràn fi ń bá Gmail ṣiṣẹ́, ló ń ṣe iṣẹ́ náà: a ó fún àkáǹtì iṣẹ́ kan ní àṣẹ lórí gbogbo àpótí ilé-iṣẹ́, yóò sì máa kọ ìbuwọ́lù sínú ètò sendAs ti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ rántí pé Gmail kò gba ìbuwọ́lù tó ju àmì ìkọ̀wé 10,000 lọ, HTML inú rẹ̀ náà sì wà nínú òǹkà.

Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé òṣìṣẹ́ ń rí ìbuwọ́lù rẹ̀ kí ó tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó ń wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, ó sì tún wà nínú ẹ̀dà tó kù sọ́dọ̀ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lè yí i padà títí ìwé àṣẹ náà yóò fi tún un ṣe, lẹ́tà tí ó bá sì kọ láti inú ètò ímeèlì mìíràn lórí fóònù lè jáde láìní ohunkóhun.

Ọ̀nà sáfà mú àléébù yìí kúrò, nítorí pé gbogbo lẹ́tà ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ibi yòówù kí wọ́n ti kọ ọ́. Exchange, sáfà ímeèlì ti Microsoft, ní òfin ìrìnnà lẹ́tà tó lè lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, tó sì lè fi orúkọ àti ipò òṣìṣẹ́ rọ́pò %%DisplayName%% àti %%Title%%. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà: gbogbo ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú HTML, kò gbọdọ̀ ju àmì ìkọ̀wé 5,000 lọ, ìsàlẹ̀ gbogbo ìtàkùrọ̀sọ ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe abẹ́ èsì tuntun, òṣìṣẹ́ kò sì ní rí i nínú lẹ́tà tó ti fi ránṣẹ́. Google ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Append footer, èyí tó ń lẹ ọ̀rọ̀ kan náà mọ́ lẹ́tà gbogbo ènìyàn, nítorí náà ó dára fún ìlà òfin, kò sì wúlò fún orúkọ. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Exclaimer àti CodeTwo ń ta ohun èlò tó borí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ààlà wọ̀nyí.

Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣọ́ nǹkan mẹ́ta bí ẹ bá gba ọ̀nà sáfà. Bí lẹ́tà bá ń gba sáfà ẹlòmíràn kọjá, àdírẹ́sì sáfà náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ SPF yín (àkọsílẹ̀ àwọn sáfà tó ní àṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ yín), kí gbogbo ìwádìí DNS (ìwé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì) tí àkọsílẹ̀ náà bá fà má sì ju 10 lọ. Ìbuwọ́lù gbọ́dọ̀ wọlé kí DKIM, tó ń fi hàn pé lẹ́tà kò yí padà lójú ọ̀nà, tó fi èdìdì sí lẹ́tà, torí pé ohun tí a bá fi kún un lẹ́yìn èdìdì yóò mú kí ìdánwò kùnà lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á. Lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ bá sì fi S/MIME fọwọ́ sí tàbí tí ó fi bo àṣírí rẹ̀ kò ṣeé fi ọwọ́ kàn lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí òfin ìrìnnà fò wọ́n.

Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn fún ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tí kò sì fẹ́ ra ohun èlò ni kí wọ́n lo méjèèjì pọ̀. Kí ìbuwọ́lù kíkún wà nínú ètò ímeèlì òṣìṣẹ́, kí sáfà sì máa lẹ ìlà kúkúrú tí òfin béèrè mọ́ lẹ́tà tí kò bá ní i nìkan. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ fi ṣe àmì ìdánimọ̀: bí ó bá ti wà nínú lẹ́tà, kí òfin ìrìnnà kọjá lọ láìfi ohunkóhun kún un. Nínú èsì, nọ́ńbà náà yóò ti wà nínú lẹ́tà ìṣáájú tó wà nísàlẹ̀, nítorí náà sáfà kò ní tún un lẹ̀, ìtàkùrọ̀sọ kò sì ní kún fún ìlà kan náà.

Èsì, fóònù àti àpótí àjùmọ̀lò

Ìbuwọ́lù kíkún kò yẹ nínú èsì. Ẹ ṣe èyí tó kúrú fún un, orúkọ, ipò àti nọ́ńbà, láìsí àwòrán. Bí ìtàkùrọ̀sọ bá gùn, àmì ilé-iṣẹ́ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ohun tí wọ́n ń sọ. Gmail pàápàá máa ń gé lẹ́tà tí HTML rẹ̀ bá ju nǹkan bíi 102 KB lọ, ìyókù a sì fara pa mọ́ títí ẹni tó ń kà á yóò fi béèrè fún un.

Ní ti àpótí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, bí àpótí ìbéèrè oníbàárà, ẹ pinnu bóyá orúkọ ẹni tó dáhùn ni yóò hàn tàbí orúkọ ẹ̀ka. Mo fara mọ́ kí méjèèjì hàn, nítorí pé oníbàárà fẹ́ mọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, ó sì tún fẹ́ mọ nọ́ńbà tí yóò pè bí ẹni náà kò bá sí níbi iṣẹ́.

Fífi í sẹ́nu iṣẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Gmail, sí Outlook àtijọ́ àti tuntun, sí iPhone àti Android, ní ojú funfun àti ojú dúdú, ní lẹ́tà tuntun àti ní èsì. Ẹ ya àwòrán ohun tí wọ́n rí, kí ẹ tún ohun tó bá dà rú ṣe kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyókù. Ìwé tí ẹ bá fi sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ kò ní láti gùn: ẹ sọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ pé kò sí ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn ṣe, ẹ sì sọ ẹni tí wọn yóò kọ̀wé sí bí orúkọ tàbí ipò wọn bá jáde ní àṣìṣe. Kí ẹni náà máa dáhùn kíákíá, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí wọn kò bá dá lóhùn yóò wá ọ̀nà tirẹ̀ láti tún un ṣe.

Ìbuwọ́lù tó bára mu kò sọ lẹ́tà di ojúlówó, nítorí pé ẹlẹ́tàn lè dà á kọ ní ìṣẹ́jú kan. SPF, DKIM àti DMARC (ìlànà tó ń sọ ohun tí a ó ṣe sí lẹ́tà tó bá kùnà ìdánwò méjèèjì) ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníbàárà yín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bánà ìpolówó, tí àwọn tó ń polówó ọjà máa ń béèrè fún ní kété tí ètò bá ti ń lọ dáadáa, gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí yóò kúrò kí ó tó ní ọjọ́ tí yóò wọlé.

Ní gbogbo oṣù mẹ́ta, kí alábòójútó mú lẹ́tà díẹ̀ láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wọ́n wé àkọsílẹ̀. Nígbà tí àmì ilé-iṣẹ́ bá yí padà, kí ó gbé àwòrán tuntun sí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan náà tí ti àtijọ́ wà, kí àwọn lẹ́tà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọdún mìíràn má baà gbé àmì àwòrán tó ti ya. Bí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi èsì aládàáṣe sí àpótí rẹ̀ tó ń darí oníbàárà sí ẹni tó gba iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì wo gbogbo àpótí àjùmọ̀lò tó ti ṣiṣẹ́ rí, bóyá orúkọ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ ọ̀kankan nínú wọn.